Àwọn Ọkọ Màmá Mi

Sátidé, oṣù kọkànlá, 1984

Wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún Ṣadé lónìí níbi tá a ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, wọ́n ní kí n wá pa àwọn lẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Bàbá mi fẹ́ ìyàwó kan, màmá mi fẹ́ ọkọ mẹ́rìnlá! Gbogbo ẹni tí wọ́n bá nílé ọkọ, ‘ọkọ mi’ ni wọ́n ń pè é. Èyí tó kéré jù nínú wọn, màmá mi ló ń sá ẹní tó bá tọ̀ sí!”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá eléré aláwàdà kan láti Odògbolú ní, “Ọmọ yìí, wá bá wa ṣeré.”

Àṣé Àǹtí Bọ́lá, àbúrò bàbá mi, wà níbẹ̀. Òun gan-an ló ń tọ̀ sórí ẹní nígbà yẹn. Ló bá já wọlé wa.

“Ìyàwó, ta ló sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ mi fọ́mọ yìí?”

Màmá kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, ọkọ mi.”

Màmá ló sọ ọ́ fún mi, nídìí ààrò, àwa méjèèjì nìkan. Gbogbo àwàdà mi, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Bí wọn ò bá sọ̀rọ̀ fún mi mọ́, kí ni mo fẹ́ sọ bí mo bá dé Odògbolú?

Mo lọ bẹ Màmá ní kíṣìnì. “Gbé iyọ̀ wá” nìkan ni wọ́n sọ títí ọbẹ̀ fi jinná.