Iyọ̀ Inú Báàfù

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi kí n tó béèrè àlàáfíà yín, torí inú mi ò dùn rárá. Gbogbo nǹkan ló ń rí mi lára. Òjò rọ̀ lánàá, ẹ sì mọ bí Mile 12 ṣe máa ń rí tí òjò bá ti rọ̀. Omi tòmátò tó ti jẹrà dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, eṣinṣin bò ó, òórùn rẹ̀ tẹ̀ lé mi délé, ó bá mi wọ yàrá. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Ọdún mélòó lẹ fi jókòó síbẹ̀, n ò rí i kí ẹ yínmú lọ́jọ́ kan. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Èmi ni mo wà ní ìsọ̀ yín báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo lọ sí Poly, tí mo ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ní ọ́fíìsì ní Gbàgádà, tí mo ń fi ọwọ́ bo imú tí mo bá wá kí yín lọ́jà! Wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ti mọ tòmátò ṣà. Èyí tó le á lọ sínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó ti ń rọ̀ á lọ sínú ẹ̀ṣà tí àwọn olóúnjẹ máa ń wá rà ní ọ̀pọ̀, èyí tó ti di omi, ilẹ̀ ló ni ín. Àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ara mi sì máa ń bù máṣọ nígbàkígbà tí ìka mi bá wọlé sínú ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí: àyà mi ń já. Kì í ṣe pé ó já lẹ́ẹ̀kan kó sì dákẹ́. Bí mo bá ti lajú láàárọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀. Tí tírélà tó ń kó tòmátò bọ̀ láti òkè Ọya bá pẹ́, àyà mi á já. Tó bá tètè dé, àyà mi á já. Fóònù dún, mo fò sókè. Fóònù ò dún, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá. Màá ti ti ilẹ̀kùn ní Ikosi, màá ti rìn dé Ketu, màá tún padà lọ wò ó bóyá mo tì í. Ó wà ní títì. Màá tún lọ, màá tún padà. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí ni mo ń bẹ̀rù? Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wí, torí pé èmi ò mọ̀ ọ́n.

Mo lọ rí dókítà. Ó ní kò sóhun tó ṣe ọkàn mi, pé àníyàn ni, pé kí n máa rọra mí, kí n máa wá àyè sinmi, kí n sì wá àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe kí n máa bá wọn jókòó. Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ibo ni kí n ti rí wọn? Ṣé wọ́n ń tà wọ́n ní kọ́ńgò ni?

Àǹtí Mende, àbúrò yín, ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè pa eku, ẹ̀yin lẹ tún wá ń fi ẹ̀rù ṣe mí láti ọ̀run! Ó fà mí lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ wa àtijọ́, òun náà ṣì wà, ó ti sanra sí i. Ọkùnrin náà tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa iwájú orí mi. Itọ́, Màámi! Ó ń run ẹja díndín. Mo délé, mo fi ọṣẹ ìfọṣọ bó iwájú orí mi títí ó fi ń ta mí. Ṣìọ̀! Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọ ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, tí wọ́n ní ó wà fún àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹnì kejì, oníkálukú ń polówó àgbo. Mo jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbà náà ni mo rántí báàfù yín.

Ẹ̀yin náà rántí ẹ̀, báàfù ńlá aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ti ya. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí ọjà bá ti rọlẹ̀, tí Ìyá Ṣakí tó ń ta ata rodo nítòsí yín bá ti kí ìrun aláásàrí tán, ẹ̀yin méjèèjì àti àwọn ìyá mẹ́ta mìíràn á lọ sẹ́yìn làìnì ìsọ̀. Ẹ ó dojú apẹ̀rẹ̀ dé, ẹ ó jókòó lé e, ẹ ó bu omi sínú báàfù, ẹ̀yin lẹ ó tú iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ti ẹsẹ̀ yín bọ inú omi kan ṣoṣo yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́wàá! Ẹ ó wá máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó rí mi lára nígbà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹsẹ̀ tó ti rin ẹrẹ̀ láti ìdájí, gìgísẹ̀ tó sán, omi á di àwọ̀ tíì, ẹ̀yin á sì máa rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Ẹ rántí pé iná ìjọ ń jó nínú mi nígbà náà, èmi ni mo ń darí akọrin. Mo rí iyọ̀, mo rí omi, mo rí kìrìsìtẹ́nì àti mùsùlùmí tí wọ́n kó ẹsẹ̀ pọ̀, wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe awo? N ò bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, n ò bi yín.

Màámi, èmi ni mo lọ sọ fún pásítọ̀.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Kì í ṣe aládùúgbò, kì í sì í ṣe ẹ̀mí ló fi hàn án bó ṣe purọ́ lórí pẹpẹ. Èmi ọmọ yín ni mo dúró dè é lẹ́yìn ìpàdé akọrin, tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí iyọ̀ tí ẹ máa ń so mọ́ ìṣẹ́tí ìró yín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó pè yín jáde níwájú gbogbo ìjọ, ó ní kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ kọ iyọ̀ àti omi sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, tòun ti orúnkún yín tó ń dùn yín. Gèlè yín yẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ò tún un ṣe. Èmi sì wà láàárín akọrin, mo ń kọrin lé yín lórí. Mo tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Irú ọmọ wo nìyẹn? Tí mo bá rántí ohùn yẹn, mo kórìíra ọ̀fun tó gbé e jáde.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò jókòó ti báàfù mọ́. Ọdún méjì tó kù tí ẹ lò láyé, inú yín lẹ ń gbé gbogbo ẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn, àbí mo purọ́? Ẹ máa ń di àyà mú tí fóònù bá dún lójijì, èmi á sì pòṣé. Mo rò pé àgbà ló ń ṣe yín. N ò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe yín ń dúró dè mí. Ṣé òun ló pa yín? Ṣé èmi ni mo pa yín? Mo fẹ́ kí ẹ dáhùn, n ò sì fẹ́ kí ẹ dáhùn.

Àwọn ìyá mẹ́rin yẹn ṣì ń jókòó. Ó tó oṣù kan tí mo ti ń fi apẹ̀rẹ̀ bojú wò wọ́n ní Ọjọ́bọ̀. Mo rò ó pé bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n á lé mi bí ajá tó jí ẹran jẹ, bí wọ́n bá sì lé mi, kò tún síbi tí mo fẹ́ gbé àyà yìí lọ mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àyà náà já débi pé n ò lè ka apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta láìṣì í. Mo bá dìde, mo lọ bá wọn.

Ìyá Ṣakí ti darúgbó. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó fi ẹnu júwe apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Mo jókòó. Mo bọ́ bàtà. Mo wo omi: ó ti pọ́n, èèpo tòmátò kan ń léfòó lórí rẹ̀. Èébì gbé mi. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá sí i. Kò sí ìmọ̀ràn, kò sí àdúrà, kò sí pé tèmi ju tìẹ lọ. Tó bá sọ tán, wọ́n á ní ó tó, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọn kan tirẹ̀ nínú omi, ó tán. Ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn! Ohun tí mo pè ní awo nìyẹn! Ọ̀rọ̀ tírélà ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ló jáde. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi ni mo lọ rò wọ́n fún pásítọ̀. Lẹ́yìn náà mo wolẹ̀, mo ń dúró kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ wọn kúrò nínú omi.

Kò sẹ́ni tó yọ ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó tó. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo wọn ló kan tèmi lábẹ́ omi yẹn, gìgísẹ̀ wọn ń ha mí lẹ́sẹ̀, mo sì bú sẹ́kún láàárín ọjà bí ọmọ tó sọnù.

Nígbà tó kan Ìyá Ṣakí, ó ní òun ò ní ẹ̀rù tí òun fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn, ìròyìn ni òun ní. Ó ní bí pásítọ̀ ṣe dárúkọ ìṣẹ́tí ìró lórí pẹpẹ lẹ ti mọ ẹni tó sọ fún un, torí ará ilé yín nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bá mi jà, pé àyà tèmi náà ò le, pé mo ṣì ń bọ̀, kí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ yín sílẹ̀ fún mi. Ó wá bi mí pé ta ni mo rò pé ó ń fún wọn níyọ̀ ní gbogbo ọdún méjì tí ẹ ò fi wá.

Màámi! Ọ̀rá dúdú kékeré yẹn! Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n tó lọ wọkọ̀ ní Ketu, ẹ ó di iyọ̀ sínú rẹ̀, ẹ ó fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n yà lọ gbé e fún Ìyá Ṣakí nílé rẹ̀. Mo rò pé ti ọbẹ̀ ni. Mo máa ń kùn pé ṣé obìnrin yẹn ò lè ra iyọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Èmi tí mo tú yín ká, èmi náà lẹ ń rán níyọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ ò sì wí. Ẹ kàn ń rán mi.

N ò ní purọ́ fún yín, àyà mi ṣì ń já. Mo padà lọ wo ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Pásítọ̀ ń rí mi lára, kò sì ní tán lọ́kàn mi. Omi báàfù yẹn náà ṣì ń rí mi lára, gìgísẹ̀ tèmi sì ti ń sán bíi tiyín. Èmi fúnra mi ni mi ò kórìíra tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Òní ni Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n mú iyọ̀ wá. Mo ti so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró mi, kókó méjì, bí ẹ ṣe máa ń so ó. Wọ́n ti ń bu omi, mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ rán níyọ̀,
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jíṣẹ́.