Ìrù Tí Mo Gé Lára Ohùn Bàbá Rẹ

Burul, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bishkek? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ẹsẹ̀ rẹ kì í tutù? Èèyàn àti ẹran, gbogbo wa la wà láàyè níhìn-ín, àfi abo ẹṣin pupa tó ń tiro, ìyẹn náà ò sì ní kú. Ọlọ́run tó ń pa wá mọ́ lórí òkè á pa ìwọ náà mọ́ láàárín àwọn ilé gíga yẹn.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dú. Ohùn bàbá rẹ tí o fi sínú fíláàṣì, tí o fi rán awakọ̀, dé lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin ká kọ́kọ́ tẹ́ ọmọ àbúrò rẹ sínú ìtẹ́ onígi tí gbogbo yín sùn sí. Ta ni ì bá súre fún ọmọ náà bí kì í ṣe bàbá àgbà rẹ̀, bó tilẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀? Mo gbé e lọ bá Jipar tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà wà.

Orúkọ tó jáde ni "ohùn 4", pẹ̀lú ààmì róbótó kékeré kan àti lẹ́tà mélòó kan tí kò nítumọ̀ nídìí rẹ̀. Burul, ó dùn mí. Ohùn mẹ́rin? Ṣé àgùntàn là ń kà ni? Ẹni tí kò bá lè ka bàbá méje tó ṣáájú rẹ̀, ẹrú ni, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Jipar pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó kọ ọ́ bó ṣe yẹ: Kerimkul ọmọ Beyshe ọmọ Akun ọmọ Borkoy, títí dé Itibay. Ó ní ká fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀, pé ẹ̀rọ ń kìlọ̀. Mo ní ṣé ajá ni ọkọ mi tó fi ní ìrù? Ó gé e.

Láti ìgbà náà ni fáìlì ti kọ̀, kò ṣí. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ irú èyí. Mo ka àwọn bàbá méjèèje sí i létí, látòkè wá sísàlẹ̀, látìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo rò pé òtútù ojú ọ̀nà ló mú un, mo yọ fíláàṣì, mo fi aṣọ irun àgùntàn wé e, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò fún odidi ọjọ́ kan. Mo fi èéfín igi archa tí a fi ń lé ibi fín ẹ̀rọ náà, Jipar wúkọ́ títí, ó ní bí mo bá tún gbé èéfín wọlé, òun á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Lọ́jọ́bọ̀ mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo ti pa bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ni Jipar bá gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Màmá, ìrù yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ohùn ni, pé kì í ṣe àwòrán. Bí ẹ bá pa ààmì tó wà létí àgùntàn yín rẹ́, ta ló máa mọ̀ pé tiyín ni?"

Èmi tí mo ti ń sààmì sétí àgùntàn fún ogójì ọdún! Ó dá ìrù náà padà, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó yọ bàbá kankan. Kerimkul ti ní bàbá méje àti ìrù kan báyìí, ó sì ṣí.

Jipar gbé e sínú fóònù rẹ̀, ó wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ohùn bàbá rẹ sú ire tó sú fún ọ lọ́jọ́ tí ò ń lọ sílé ìwé, pé kí ọ̀nà rẹ funfun. A tẹ́ ọmọ náà sínú ìtẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn yẹn ní, "Anarkan, tíì mi ti tutù." Burul, mo dìde. Mo ti gbé kẹ́tùlù dání kí n tó rántí. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

O ṣeun, ọmọ mi. Tíì inú agolo ò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ mọ́. Bówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra tíì dúdú tí bàbá rẹ fẹ́ràn, torí Jipar á máa mú fóònù wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mi ò sì fẹ́ kí bàbá rẹ bèèrè tíì kí n má ní.

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì fún ọ. Kí ọ̀nà rẹ funfun. Níbi gbogbo tí o bá kanlẹ̀kùn, kí wọ́n má ṣe sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Anarkan