Mábù Tí Ẹ Pè Ní Ayédèrú

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, ẹ bá mi gba èyí tí mo mọ̀: ẹ káàárọ̀ o. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Òótọ́ hàn sí wa nípa mábù orí tábìlì pálọ̀ yín ní Ṣakí, mo sì ní kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá Sùlé, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò yín tó máa ń lọ gé òkúta ní Ìgbẹ́tì, fi ọkọ̀ oníṣu gbé e wá fún yín. Ó funfun, ó ní iṣan aláwọ̀ eérú lára. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife tíì lé e láìtẹ́ aṣọ sábẹ́. Àlejò ò ní tíì jókòó tí ẹ óò ti gbá ọwọ́ rẹ̀ mú lé e, kó lè mọ bó ṣe tutù tó. Ẹ̀rín máa ń pa mí.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Ìyá wa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ àwọn àwo idẹ ìgbéyàwó wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ọsàn ṣẹ́ kù, ni wọ́n bá fi fọ mábù náà. Kí wọ́n tó nù ún tán, ó ti ṣá. Ẹ wò ó, ẹ ní ayédèrú tí wọ́n kun lọ́dà ni Bàbá Sùlé gbé fún yín. Nígbà tí Bàbá Sùlé wá kí yín kú ọdún, ẹ lé wọn jáde.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá wà ní iwájú ní Yídì, ẹ̀yìn lẹ óò lọ. Ṣé àárò wọn ò sọ yín ni? Mo máa ń rí yín nírọ̀lẹ́ tí ẹ ń wo ọ̀nà, lásìkò tí ẹ jọ máa ń ta ayò. Ó dùn mí pé mi ò bi yín.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, Lèmọ́mù bẹ àwọn èèyàn pé kí ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀ forí jì yín. Gbogbo wọn dáhùn. Bàbá Sùlé nìkan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò la ẹnu. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà nìyẹn.

Mo ti kọ́lé sí Ìsẹ́yìn, Bàbá, ẹ bá mi yọ̀. Lóṣù tó kọjá, oníṣòwò kan gbé mábù méjì wá fún ojú fèrèsé mi, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Bíríkìlà mi, ará Òtù kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní kí n má tíì sanwó. Ó ní kí n fọwọ́ kàn wọ́n: ọ̀kan tutù rinrin, èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní kí n wo etí wọn: iṣan ti àkọ́kọ́ wọ inú lọ dé ẹ̀yìn, ti èkejì ò kọjá ojú. Ó wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí méjèèjì. Ayédèrú ò ṣe bí ẹni pé nǹkan kán sí i. Ojúlówó hó, ibẹ̀ sì ṣá lójú ẹsẹ̀.

Mábù yín ló sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tí ẹ fi pè é ní ayédèrú gan-an ló jẹ́rìí pé ojúlówó ni.

Ọjọ́ kejì ni mo wọkọ̀ lọ sí Ṣakí. Èmi àti Ìyá wa dojú òkúta náà dé, a sì rí i tí iṣan là á já. A fún ọsàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó hó. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá ní àwọn làwọn ba ọ̀rẹ́ ọlọ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. A gba ilé Bàbá Sùlé lọ, a kúnlẹ̀, a sọ gbogbo rẹ̀. Ni Bàbá Sùlé bá wọ bàtà, wọ́n mú òkúta tí wọ́n fi ń mú mábù dán, wọ́n sì tẹ̀ lé wa. Omi àti òkúta yẹn ni wọ́n fi ń ha mábù náà títí ìrun Àsárì fi tó. Ẹ ì bá rí i bó ṣe ń dán.

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní kí n mú àwọn dé ojú oórì yín. Wọ́n pè yín ní Àlàó. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹ lé àwọn, àwọn ti gbóòórùn ọsàn ní pálọ̀, àwọn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó bí àwọn ò jẹ́ káwọn ṣàlàyé. Àwọn ń retí kí ẹ kọ́kọ́ wá. Wọ́n ní àwọn ti forí jì yín. Wọ́n wá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ̀yin náà forí ji àwọn, wọ́n sì dúró bí ẹni tó ń retí èsì.

Bàbá, mo bá yín dáhùn. Mo ní ẹ ti forí jì wọ́n. Ṣé mi ò ṣì í sọ?

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó ń gbé ìfẹ́ yín kiri.