Odò Wa Tó Wà Nínú Fóònù

Ilé Bàbá Bánjọ,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ọ̀nà Kábbà.
Oṣù Kẹsàn-án, 2018.

Iredélé, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí tó dé Lokogoma, kí àlàáfíà ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, kó ti fìdí lélẹ̀ dè é. Ṣé dáadáa lo jí? Iṣẹ́ ń kọ́? Òjò Àbújá ń kọ́? Ìyá Hausa tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì ẹ̀sìtéètì yín ń kọ́, ẹni tó máa ń kí mi ní sànnu tí mo bá ti yọjú, tí o kọ́ mi pé kí n máa dá a lóhùn ní yauwa? O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ rẹ ò ní lọ síwájú, ẹ̀yìn ni tirẹ̀ yóò máa lọ, kó máa fi ẹ̀yìn rìn délé.

Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n sọ fún ọ pé ó ti sàn, kí o má baà dá owó òróró ìfipara rẹ̀ dúró. Ewúrẹ́ aláwọ̀ pupa bí ìbejì. Òjò ti gbé páànù ilé ìdáná lọ, inú oko ẹlòmíràn la ti rí i, ẹni náà sì ti ń sá ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀ kí a tó dé.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí màámi kò pè mí. Dátà tán, owó ìpè náà tán, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Ìgbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹkún kò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ já gaara, tí o ní ọ̀gá rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Abíọ́nà, rí i lórí kọ̀ǹpútà pé abúlé kan ṣoṣo ni àwọn tó kọ́kọ́ ń fi géèmù tí o ṣe sínú fóònù ṣeré ti ń wọlé, pé abúlé rẹ sì ni, pé o kó ará ilé rẹ jọ láti fi tan òun jẹ, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè yanjú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù, afẹ́fẹ́ ni. Mo fẹ́ kí o ní ohun tí o lè gbé síwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì yín ní Wuse, kó fi ojú ara rẹ̀ kà á kó tó lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Abíọ́nà, bí ẹ bá ti ń ka ibi yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ìyá rẹ̀.

Iredélé, ṣé o rántí ìgbà tí mo wá kí ọ lẹ́yìn Àjíǹde, tí o fi géèmù tí gbogbo ayé ń ṣe hàn mí? Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí lọ́jọ́ náà. Ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú ọkọ̀ òfuurufú kan, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà tó ń jò nínú àpò. O ní ọ̀kan wà ní Íńdíà, òmíràn wà ní Kánádà, ìwọ náà sì wà láàárín wọn. Mo yára tú ìró ìlékè mi, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ fóònù, kí o má baà fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. O ń rẹ́rìn-ín. N kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò pẹ́ ni ẹnì kan yìnbọn, o ní o ti kú, o sì sọ ọ́ bí ẹni tó ní iyọ̀ ti tán nílé. Igbe tí mo ké ló kó àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n sì bá ọ níbi tí o ti ń jẹ ẹ̀pà. O tẹ nǹkan, o jí dìde, o tún bá wọn wọ ọkọ̀. Mo ti dúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Mo gbé iṣu lọ, mo ní Ọlọ́run jí ọmọ mi dìde, pásítọ̀ bi mí pé àìsàn wo ló ṣe é, mo ní kì í ṣe àìsàn, òkè ló ti jábọ́.

Lẹ́yìn náà o ṣí géèmù mìíràn, àwọn kan tún ń jábọ́. O ṣí òmíràn sí i, jíjábọ́ náà ni. Mo bi ọ́ pé ṣé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni gbogbo wọn, o ní rárá, ẹnì kan ló kọ́kọ́ ṣe é tó mówó wọlé, làwọn yòókù bá ń wò ó ṣe. O ní ọ̀gá rẹ náà ti ń fẹ́ kí ẹ ṣe tiyín, nítorí àwọn tó ń fowó sílẹ̀ fún un, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé èwo ló jọ, bí kò bá sì jọ ìkankan, wọ́n á pa àpò wọn dé. Ọ̀gá rẹ sì ní ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan ṣe, kò ní kọ́ èkejì kó tó mọ̀ ọ́n. Inú ń bí ọ bí o ṣe ń sọ ọ́. Inú kò bí mi. Mo ní gáréèjì Kábbà ni wọ́n gbé lọ sínú fóònù yẹn.

Wo gáréèjì náà dáadáa. Gbogbo mọ́tò tó wà níbẹ̀, Àbújá ni wọ́n ń lọ. Àwọn tó fẹ́ lọ sí ibòmíràn wà, ṣùgbọ́n awakọ̀ wo ni yóò fi mọ́tò òfìfo jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú? Àwa èrò gan-an kò sàn jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá dé, mọ́tò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ló ń wọ̀, bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ tuntun tó ń dán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn agbèrò fi máa ń kó ara wọn sínú mọ́tò, wọ́n á gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n á máa wo aago, bí ẹni tí ìrìn-àjò ń kán lójú. Bí èrò gidi bá dé, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n lólè, torí mọ́tò gbọ́dọ̀ gbéra.

Síbẹ̀ mo tún rí ohun kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ọ̀gá rẹ mọ̀. Awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Adébíyì. Ó rí i pé mọ́tò ẹnì kan ló máa ń kún jù, ló bá ra irú rẹ̀, ó kùn ún lọ́dà kan náà, ó tilẹ̀ ń fi ohùn ẹni yẹn pe èrò. Ó wá gbé e sẹ́yìn ti ẹni náà. Àjẹkù ló ń jẹ títí dòní. Ta ló máa fi àwọn ará rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò iwájú, kó wá dá nìkan jókòó sínú irú rẹ̀ lẹ́yìn?

Nígbà tí o wá fi géèmù tìrẹ sínú fóònù mi, tí o ní kò sẹ́ni tó ń pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé èèyàn mẹ́jọ ló ń pawọ́ pọ̀ gbé afárá sórí odò kí omi tó kún, pé bí wọn ò bá pé mẹ́jọ kò ní bẹ̀rẹ̀, mo wẹ̀, mo wé gèlè, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, torí n kò mọ ẹni tí n ó bá níbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni mo dúró létí odò, wọ́n sì ní kí n máa retí àwọn yòókù. Mo retí wọn títí iná fóònù fi tán. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀, mo tún padà wá dúró. O sì ti sọ fún mi pé bí kò bá rí èrò kí oṣù tó parí, ọ̀gá rẹ ní ẹ ó pa á tì, ẹ ó sì máa jábọ́ láti òkè bí àwọn ẹgbẹ́ yín. Àánú rẹ ṣe mí. Ọmọ mi pàtẹ ọjà, kò sẹ́ni tó yà.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti wá wo odò náà dáadáa. Òkúta tó tẹríba bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́. Igi ìyeyè tó fì sọ́wọ́ ọ̀tún. Odò wa ni. Odò tó gbé afárá pákó lọ nígbà tí o ṣì wà ní pírámárì, tí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé há sí òdìkejì nínú òjò, tí bàbá rẹ àti gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ dúró sínú omi, tí wọ́n di ara wọn mú, tí a ń gbà yín láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìwọ la gbà kẹ́yìn. O kò sunkún, o kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, mo rò pé o ti gbàgbé ni. Àṣé o gbé e lọ Àbújá. O kó odidi odò sínú ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń ṣàn, ó ń hó. Mo kúnlẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ìwọ ni mo kúnlẹ̀ fún tàbí Ọlọ́run tó dá ọ, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Àwọn tó ń jábọ́ láti òkè lè máa wo ara wọn ṣe, torí kò sẹ́ni tí wọ́n bí sójú sánmà nínú wọn. Odò yìí, ta ni wọ́n fẹ́ wò ṣe é?

Ìgbà náà ni mo ní n ó ṣe agbèrò fún ọmọ mi. Mo pe Sàídátù aládùúgbò wa, mo pe àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì tí fóònù ọmọ wọn wà nílé, tíṣà Rosemary, ọmọ Benue tó ń kọ́ wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣe ìkẹjọ wa. A jókòó sábẹ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sàídátù ní a kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìṣe àdúrà, ó ṣe tiwọn, àwa náà ní kí a ṣe tiwa, ibi tí a ti fẹ́ ṣe àmín ni omi ti dé tó gbé gbogbo wa lọ. Omi yẹn kò mọ ẹ̀sìn kankan. Lọ́jọ́ kejì Sàídátù ń béèrè ẹni tó máa se oúnjẹ fún àwa òṣìṣẹ́. Èmi náà ní kí wọ́n gbé fóònù sókè díẹ̀, kí omi má baà wọ bátìrì. Ṣùgbọ́n a gbé afárá náà nígbẹ̀yìn, a sì ń lọ gbé e lójoojúmọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Rosemary jáde lọ dáná, ẹnì kan tí a kò mọ̀ sì dé sáyè rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé sànnu. Sàídátù ní ó tán, wọ́n ti rí wa. Mo rántí ẹnu géètì yín, mo kọ yauwa. Ó ní Kàdúná lòun wà, ó bi wá pé níbo ni kí òun dúró sí. Mo ní kó dúró lẹ́bàá òkúta, torí ibẹ̀ ni omi ti ń fà jù. Iredélé, ó dúró. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí, tí a kò fún lómi mu, ó di okùn mú fún wa títí afárá fi gúnlẹ̀, ó sì kí wa kú iṣẹ́ kó tó lọ. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń wo bàbá rẹ, mo ń wo fóònù.

Ó mú ẹlòmíràn bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyẹn náà mú ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan bá ti ń dé, ọ̀kan nínú wa á bọ́ sílẹ̀. Sàídátù ló fẹ́ bà á jẹ́, ó ní òun ti tẹ́ pákó tòun, ta ni yóò lé òun kúrò lórí pákó òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbẹ̀yìn, ó ku èmi nìkan láàárín àwọn àlejò. N kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Odò mi ni, ọmọ mi ló ṣe é, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí ohun tó wà nínú rẹ láti ìgbà tí o ti lọ. Ṣùgbọ́n agbèrò tó bá jókòó títí mọ́tò fi gbéra, ìjókòó ẹlòmíràn ló jí. Mo kọ ọ́ sí wọn pé ó dìgbà, kí wọ́n rọra lẹ́bàá òkúta. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo di fóònù náà mú, mo ń wò ó, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀gá rẹ kà nìyí. Àwọn tó kọ́kọ́ jókòó, èmi ni mo kó wọn wá, ọmọ mi kò mọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó wọ mọ́tò wá bi èmi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́nìkan láti abúlé wa tó padà wọlé. Kó ṣí i báyìí, kó wo àwọn tó wà létí odò yẹn. N kò mọ ìyá wọn, n kò mọ bàbá wọn, wọn kò mọ̀ pé a ń jẹ́ nǹkan kan láyé yìí, wọ́n sì wà nínú omi wa, wọ́n di ara wọn mú.

Bí kò bá wá gbà náà, tó ní dandan ni kí ẹ jábọ́ láti òkè, jábọ́ fún un, ọmọ mi, iṣẹ́ ni iṣẹ́, owó oṣù ni owó oṣù. Ṣùgbọ́n má fi odò wa sílẹ̀ fún un ní Wuse. Dì í dáadáa, kí o gbé e bọ̀ wálé. Àyè wà.

Tí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún páànù ilé ìdáná, kí o sì fi dátà sí i, nítorí Sàídátù ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà, ó sì ń bi mí nípa pákó rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí o má gbàgbé òróró òun. Ó tún ní kí n bi ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ìjọba kò tíì tún afárá tiwa gbé láti ọdún yẹn, bóyá àwọn mẹ́jọ inú fóònù yẹn lè yà sí ọ̀dọ̀ wa bí wọ́n bá ráyè.

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọwọ́ wa já lára rẹ nínú omi, kò ní jẹ́ kí ọwọ́ Rẹ̀ já lára rẹ ní Àbújá. Ibi tí o bá tẹ́ pákó sí, ẹsẹ̀ á rìn ín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹfúnróyè.