Wọ́n Ní Mo Pa Fóònù Mi

Sọ́ńdè, 19 Jánúárì 2025

A ti dé sí Minna láti Ìlọrin. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo ilé, títí kan orí ìkòkò. Rumaysa ọmọ mi gbálẹ̀. Èmi jókòó.

Fídáù ọjọ́ kẹjọ Màmá ti parí. Àwọn ààfáà ṣàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Gbogbo èèyàn ló sunkún àfi èmi. Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín mi: mo mọ̀ pé ẹnu mi wà níbẹ̀, mi ò kàn mọ̀ ọ́n lára.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá kú, kílẹ̀ tó mọ́. Àwa kì í jẹ́ kí òkú sùn. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo agboolé pé èmi ni kí n wẹ òun tọ́jọ́ bá pé. Ká ní mo gbọ́ láàárọ̀, ǹ bá ti dé Ìlọrin kí wọ́n tó kírun ọ̀sán tán. Àbúrò mi Arifah (Rédíò ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, kì í dákẹ́) pè mí, pè mí, pè mí. Obìnrin inú fóònù ń sọ fún un pé mo ti pa fóònù mi. Bàbá Rumaysa pè láti Àbújá, ohun kan náà ló gbọ́. Kó tó wá rí Ìyá Ògoolúwa, aládùúgbò wa, bá sọ̀rọ̀, kí ìyẹn tó wá kanlẹ̀kùn, oòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n ti sin Màmá.

Wọ́n ní omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ tutù, wọ́n tún gbé e kaná. Ó tún tutù, wọ́n tún gbé e kaná. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mi ò pa fóònù. Ilé ni mo wà tọ̀sán-tọ̀sán, mò ń fọ kọ́tìnnì. Rumaysa ló mú fóònù náà dání, ó ń ka ìbéèrè JAMB tó ti wà lórí rẹ̀. Dátà ti tán láti alẹ́ Jímọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí WhatsApp wọlé. Ṣùgbọ́n ìpè? Ìpè kì í jẹ dátà.

Mọ́ńdè, 20 Jánúárì

Mo padà síléèwé. "Sannu, Hajiya. Allah Ya jikanta," kí Ọlọ́run ṣàánú Màmá, ni gbogbo wọn ń sọ. Àmín, àmín, àmín. Mo kọ́ àwọn SS2 bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n epo lára aṣọ.

Wẹ́sìdeè, 22 Jánúárì

Kò sí nǹkan kan.

Jímọ̀, 24 Jánúárì

Rédíò ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí: "Ẹni tó ní òun máa pa fóònù, ó kúkú pa á."

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá nìyí. Ní Dìsẹ́ńbà ó ń pè mí lóru ṣáá pé inú ń run Màmá, kí n máa bọ̀. Tílẹ̀ bá mọ́ tí mo bá pè, Màmá á ti máa mu ògì, á tún máa bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Mo wá sọ lọ́jọ́ kan pé, "Arifah, tó o bá tún pè mí lóru, màá pa fóònù mi." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ṣé èèyàn kì í bínú ni?

Ohun tó tún ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ní Ìlọrin, fóònù náà ń dún geere. Bátìrì rẹ̀ kú lọ́nà, mo tàn án nígbà tí a dé, ni ìpè bá ń ya wọlé. Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Jikpan, àdúgbò wa ní Minna, ló fà á. Rédíò ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó mọ ọjọ́ òkú." Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú. Mo rí wọn.

Mọ́ńdè, 27 Jánúárì

Rumaysa sunkún mọ́jú. Ìborùn Màmá ló fi ń borí sùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ títí, mi ò wọlé.

Tọ́sìdeè, 30 Jánúárì

Malam Yahya tí a jọ ń kọ́ SS2 pàdé mi nínú ọgbà ilé-ìwé. "Haba, Hajiya! Láti àná lo ti pa fóònù." Fóònù ọ̀hún rèé lọ́wọ́ mi, ó mọ́lẹ̀ kedere. Mo ní kó pè mí báyìí, níṣojú mi. Ó pè. Ó gbé ohùn fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wa gbọ́. Obìnrin inú fóònù sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́: nọ́ńbà tí ẹ ń pè wà ní pípa.

Mo wo fóònù mi. 4G, ọ̀pá rẹ̀ kún. Àwọn tíṣà tó kù rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi ní Tunga. Èrò bí ọjọ́ ọjà. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn pa fóònù, ó yọ síìmù, ó nù ún, ó dá a padà, ó tàn án. Ó pè mí, ó dún. "Ó ti dáa, Mà." Mo béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.

Ó ń dún títí di ìrọ̀lẹ́. Rumaysa gbà á, ó fi ṣe kíláàsì JAMB rẹ̀ lójú fèrèsé, ibẹ̀ nìkan ni 4G ti ń dára nínú ilé yìí. Nígbà tó ṣe tán, mo ní kí Ìyá Ògoolúwa pè mí láti òdìkejì fẹ́ńsì. Pípa.

Sọ́ńdè, 2 Fẹ́búárì

Bàbá Ògoolúwa yà wá lẹ́yìn ìsìn. Ẹnjiníà ni, Ọlánípẹ̀kun lorúkọ rẹ̀, òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì niṣẹ́ rẹ̀. Ó gba fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kan, ìràwọ̀ àti háàṣì, ojú ìwé kan yọ tí mi ò rí rí. Ó ní, "Háà. Ìyá Rumaysa, wọ́n ti dè é mọ́ LTE."

Mo ní kó bá mi sọ ọ́ bíi ti ọmọ iléèwé. Kí n kọ ọ́ kó má sọnù:

Ìgbì rédíò ni ọ̀rọ̀ wa ń gùn nínú afẹ́fẹ́. Ìjọba ló ń ta ìgbì yẹn fáwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, bí ẹní ń ta pílọ́ọ̀tì. Èyí tó rẹlẹ̀ ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ inú yàrá. Èyí tó ga ń gbé ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri ń dá a dúró. Ìdí tí tiwa fi ń dára lójú fèrèsé nìkan nìyẹn. Pílọ́ọ̀tì kò pọ̀. Torí náà wọ́n ń gé lára ti 3G fún LTE, òun náà là ń pè ní 4G. 3G wá há, ló ń fà bí ìgbín.

Ṣùgbọ́n ẹrù dátà ni LTE ń gbé. Lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tèmi, pẹ̀lú irú fóònù tèmi, ìpè kò tíì lè gba ibẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí, fóònù gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ sójú ọ̀nà àtijọ́ lọ pàdé ìpè náà, kó tó tún gòkè padà. Wọ́n ti wá ní kó má sọ̀kalẹ̀ mọ́ láéláé. Ìpè dé, kò bá ẹnikẹ́ni, obìnrin inú fóònù ní mo ti pa á. Tí fóònù bá kú tó tún jí, ìdè náà á tú fúnra rẹ̀.

Mo ní, ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló dè é? Ó ní rárá o. "Ẹnì kan ló fọwọ́ ṣe é."

Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Alẹ́ Jímọ̀ yẹn, kí Màmá tó kú. Rumaysa pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Mummy, mo ti dè é mọ́lẹ̀! Kò ní já bọ́ sí 3G mọ́!" Fídíò kan ló kọ́ ọ. Kíláàsì ń lọ geere títí dátà fi tán. Mo yìn ín, mo ní ọmọ mi ọlọ́gbọ́n, mo bu ẹja kún tirẹ̀.

Bàbá Ògoolúwa tú u. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kọ́rọ̀ yìí má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú mi, kò béèrè ìdí.

Mọ́ńdè, 3 Fẹ́búárì

Ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ báyìí kí ojú Rédíò já. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sọ̀rọ̀, mo pa á rẹ́. Mo tún sọ ọ́. Mo tún pa á rẹ́.

Torí ìbéèrè kejì tó máa bi mí ni: ta ló dè é?

Rumaysa já lẹ́nu ọmú, Màmá ní kí n gbé e wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà títí tó fi tó iléèwé lọ. Òun ló jẹ́ kó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí Hausa nìkan ń yọ̀ lẹ́nu wọn ní Minna yìí. "Ìyàwó mi" ni Màmá ń pè é. Tí wọ́n bá sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ Màmá, tó sì jẹ́ Arifah ló máa sọ ọ́, ọmọ yẹn á gbé e dé ilé ọkọ.

Túsìdeè, 4 Fẹ́búárì

"Mummy, ó tún ti ń já bọ́ o. Kí n dè é padà?"

Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Mo ní ó ń jẹ bátìrì. Ó ní kò jẹ bátìrì. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó lọ jókòó lójú fèrèsé, àwòrán kò ṣí, tíṣà wọn ń sọ̀rọ̀ ó ń gé.

Sátidé, 8 Fẹ́búárì

Bàbá Rumaysa wálé. Mo sọ fún un lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní kí n sọ òtítọ́, pé ọmọdé ni, wọn ò ní kà á sí. Ọkùnrin rere ni, kò mọ Arifah ni.

Ó ní kí n kàn ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni nígbà náà. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Mi ò tíì sunkún.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì. Ìlọrin

Fídáù ogójì ọjọ́. Èrò pọ̀. Mo pín mọ́ínmọ́ín títí ọwọ́ mi fi ń gbóná.

Lẹ́yìn àdúrà, àwọn ìyá tó wẹ Màmá pe èmi àti Arifah sínú yàrá rẹ̀. Àgbà inú wọn ní ọmú kan náà la mu, kí la wá ń fà? Arifah ní òun ò bínú mọ́, kí n ṣáà sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Àǹtí, ṣé ẹ pa á, àbí ẹ ò pa á?"

Rumaysa wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń to abọ́.

Mo ní, "Mo pa á."

Arifah ní òun kúkú ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí kò sọ rí: pé lóru yẹn, Màmá ń béèrè mi. Òun ń pè, kò wọlé, òun bá sọ fún un pé mo ti wà lọ́nà, mo ti kọjá Jẹ́bbà. Màmá ní, "Ó dáa. Kó rọra máa bọ̀."

Arifah dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká, ó ní òun ti fi jì mí tọkàntọkàn. Ọlọ́run mi. Ohun tí mi ò ṣe ni wọ́n fi jì mí, mo sì ń ṣe àmín.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Rumaysa kò to abọ́ mọ́. Ó ń wò mí.

Mọ́ńdè, 24 Fẹ́búárì. Minna

Àná la dé. Ó rẹ̀ mí ju kí n kọ̀wé lọ.

Bàbá Rumaysa gba Ìlọrin padà sí Àbújá. Èmi àti Rumaysa wọ ọkọ̀ èrò. A gun afárá Jẹ́bbà. Ó wá ní, jẹ́jẹ́, kí èrò má gbọ́: "Mummy, fóònù ò kú lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ mi ló wà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ pa á?"

Mo ní kó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní, "Ṣé torí mo dè é..." Kò parí rẹ̀. Ó yẹ kí n ti dá a lóhùn kíá, kí n ní rárá, kí n ní ìrànù wo nìyẹn. Ẹnu mi wúwo. Irọ́ tí mo ní, mo ti ná gbogbo rẹ̀ tán sí Ìlọrin. Ó yíjú sí fèrèsé. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí títí a fi kọjá Mokwa.

Lónìí, àsìkò kíláàsì tó. Mo gbé fóònù sójú fèrèsé fún un, mo ti ra dátà, mo pè é. Ó jáde, ó dúró, ó ń wò ó bí ohun tó gbóná. Mo ní kíláàsì rẹ ti ń lọ.

Ó gbé e, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé lé e. Ó ní kí n mú un dání, pé ẹnì kan lè máa pè mí.