Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Kò Dìde

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá, 2002

Wọ́n ti sọ òkúta lu wíńdò wa. Lọ́sàn-án gangan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni, mi ò tíì bọ́ bàtà. Gíláàsì fọ́ sórí àga tí Raliat máa ń jókòó lé. Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà wà ní Ìkàrẹ́ lọ́dọ̀ màmá mi. Kó ṣì máa gbé ibẹ̀ ná.

Mo mọ ohun tó fà á. Gbogbo Ọ̀kà ló ti gbọ́. Wọ́n fẹ́ ṣòfin tí yóò gba ilẹ̀ oko abẹ́ òkè fún àwọn afọ́kùúta. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì ní Ilé Aṣòfin l'Ákùúrẹ́, ìgbà méjèèjì ni Ọnọ sì dìde láti fọwọ́ sí i. (Ọnọ ni mo ń pe ọkọ mi níhìn-ín. Ará ìta ló ń pe odindi Ọnọrébù.) Oko ìyá tó bí i wà nínú ilẹ̀ yẹn! Mo bi í léèrè, ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ló ní káwọn dìde.

Láti ọdún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ní kó dìde tó jókòó. Wọ́n fi kún owó iléèwé — ó dìde. Wọ́n dín àjẹmọ́nú àwa tíṣà kù — ó dìde, ó sì wálé wá jẹ iyán tí mo gún.

Ó ku kíkà kẹta, ìyẹn ló máa sọ ọ́ dòfin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Páálí ni mo fi dí wíńdò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbá a báyìí, àyà mi á já.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Ọnọ ti Àkúrẹ́ dé. Ó wo páálí, ó ní àwọn ọmọdé ni. Ọmọdé wo?

Kò tíì jẹun tán tí àwọn àgbẹ̀ fi dé, Pa Oyèbọ̀dé ló ṣíwájú wọn. Wọn ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Pa ní, "Badmus, a ò bá ẹ jà o. A fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ ni." Ọnọ ní òun ti gbọ́ wọn, òun á gbé ọ̀rọ̀ wọn dé Àkúrẹ́. Pa ní, "Àkúrẹ́ náà lo ti gbé e wá." Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Wọn ò mu omi wa.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n máa kà á.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Onígíláàsì Dúdú wá. Ọ̀gá ni nínú ẹgbẹ́ wọn. Kì í yọ gíláàsì ojú ẹ̀, nínú pálọ̀ pàápàá. Ó jẹ ẹran, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá Ọnọ léjìká, ó ní ẹgbẹ́ mọ àwọn ọmọ ẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, ọ̀nà Ìkàrẹ́ tẹ́ ẹ ń gbà lọ wo ọmọ yín yẹn, ẹ máa rọra o. Àwọn ọlọ́kadà yìí ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé."

Mi ò sọ fún un pé ọmọ wa wà ní Ìkàrẹ́.

Mo wo ojú Ọnọ. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Mo sáré lọ sí Ìkàrẹ́. Mo ní kí màmá mi má jẹ́ kí Raliat dá jáde, ì báà ṣe ibi omi. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n wò mí, wọ́n so ọmọ náà mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ — ọmọ ọdún mẹ́rin!

Nígbà tí mò ń bọ̀, ọ̀kadà kan tẹ̀ lé mọ́tò tí mo wọ̀ láti Ìkàrẹ́ dé iwájú iléèwé gíga l'Ákùngbá. Bóyá èrò tiẹ̀ ló ń gbé. Bóyá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Mo bá Ìyá, ìyá Ọnọ, lọ sí oko. Àwọn afọ́kùúta ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi obì Ìyá, gbogbo ẹ̀ pátá. Ìyá fi ìka ha ọ̀dà náà, kò kúrò. "Ìyàwó mi, má dààmú. Ọmọ mi ò ní gbà." Mi ò lè wo ojú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí ẹ̀gẹ́ tí kò nílò ríro.

Nírọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ bẹ Ọnọ. Ó ní, "Bí mo bá jókòó, wọ́n lè pa mí. Bí mo bá dìde, wọ́n á sun ilé yìí. Èwo lo fẹ́?" Ṣé ènìyàn ń yan irú ìyẹn?

Ọjọ́bọ̀, 24

Kò sí nǹkan. Ìyẹn náà ń dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́rú, 30

Ó lọ sí Àkúrẹ́ lánàá. Ó wọ agbádá tuntun, ó ń súfèé bó ṣe ń wọ mọ́tò. Ènìyàn tó ń lọ sójú ikú kì í súfèé. Mo rò pé ó ń fi mú mi lọ́kàn le ni. Mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 31

Kò dìde!

Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, èmi àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní Ọnọrébù Badmus Abọ́dẹrìn jókòó, ó tún sọ̀rọ̀ pé òun ò lè ta ilẹ̀ tó bọ́ òun yó. Àwọn bíi mélòó kan jókòó tẹ̀ lé e. Òfin náà ṣubú. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè káàkiri Ọ̀kà, wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀. Pa Oyèbọ̀dé di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé kò tíì délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kọkànlá

Ó dé láàárọ̀. Láàyè. Mo dì mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn.

Àmọ́ mọ́tò méjì ló tẹ̀ lé e, àsíá ẹgbẹ́ kejì, àwọn alátakò ẹgbẹ́ tiẹ̀, sì wà lára wọn. Nígbà tó ku àwa méjì, ó sọ fún mi bí ẹni ń sọ ohun tó jẹ lóúnjẹ. Ẹgbẹ́ tiẹ̀ ò fẹ́ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ìbò tó ń bọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kejì ti fún un, ti Ilé Aṣòfin Àbújá pàápàá. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ jókòó kí ará ìlú rí i.

Mo ní, "Bí ẹgbẹ́ yín bá fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Ó ní, "Mà á dìde nìyẹn."

Mo ní àti oko Ìyá? Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Raliat, òkúta ò lè máa wà lásán níbẹ̀ títí ayé. Lẹ́yìn ìbò, a óò tún gbé òfin náà wá. Nígbà yẹn, àwa la máa mọ ẹni tó máa fọ́ ọ."

Láti bí oṣù kan ni mo ti ń bẹ̀rù ará ìta. Mo wo ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2

Ilé kún. Iṣu, ewúrẹ́, àdúrà. Ìyá kúnlẹ̀ fún Ọnọ láàárín pálọ̀ — ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ! — wọ́n ní ó ṣeun tó rántí ọmú tó mu. Ó gbé wọn dìde. Omijé wà lójú òun náà. Mo rí i. Mi ò mọ ibi tó ti rí i fà.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo pe Ìyá wá sí yàrá. Mo sọ ọ́ fún wọn, mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, mi ò bù kún un. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Mo rò pé wọ́n á ní mo fẹ́ ba ọmọ wọn jẹ́.

Wọ́n tú gèlè orí wọn. Wọ́n ní, "Ṣé Oyèbọ̀dé ṣì wà níta?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, ó jókòó ti Ọnọ.

Wọ́n tún gèlè wé. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n má jáde, kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi.

Inú yàrá ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀rín Ọnọ ló borí gbogbo ẹ̀rín pálọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá báyìí, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jọ̀ọ́, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ àwọn sọ.

Pálọ̀ ti dákẹ́.