Kọ́ọ̀sì Tí Ìyá Àgbà Mú fún Ọ

Ọmọ mi àtàtà, alákọ̀wé inú ilé mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òrùlé yàrá tí ẹ̀yin mẹ́ta jọ ń gbé ò jò mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá láìfẹsẹ̀kọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àmín. Àwa náà wà bí a ṣe wà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ó sì ti jẹ tépù tí mo fi ń wọn pákó, kò sì sẹ́ni tó bá mi bá a wí.

A rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún rédíò ṣe ló bá mi ṣí i. Ó fi ìka méjì ya ojú gíláàsì náà báyìí, lẹ́tà inú rẹ̀ bá ń tóbi, mo ní kó rọra o, kó má baà fà á ya. A rí i kà pé nínú ẹ̀kọ́ nípa obìnrin tí o ń kọ́ yìí, kọ́ọ̀sì márùn-ún wà nílẹ̀ tí wàá ti fúnra rẹ mú ọ̀kan, pé ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ yóò sì tì lọ́jọ́ Ẹtì. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn. O ṣeun, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ti ilẹ̀kùn tó fẹ́ tì yẹn ná: ilẹ̀kùn tó bá ń ti ara rẹ̀ pa, férémù rẹ̀ ló ti wú, òjò ló fà á. Sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé káfíńtà ni bàbá rẹ, kí wọ́n fi igi há a lẹ́nu títí n ó fi dé. N ò ní gbowó iṣẹ́.

Ká má parọ́, inú kọ́kọ́ bí mi. Kí ló wà lára obìnrin tí èèyàn ń kọ́ fọ́dún mẹ́rin? Èmi tí mo ti ń bá ìyá rẹ gbé látìgbà tí irun mi ṣì dúdú, n ò tíì yege ìdánwò ọjọ́ kan. Ti pé ẹ̀ka oríṣiríṣi ló pawọ́ pọ̀ ń kọ́ ọ ló wá dùn mí jù, pé o ń gba òfin lọ́dọ̀ eléyìí, ìtàn lọ́dọ̀ tọ̀hún, ìlera lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ọmọ iṣẹ́ tó bá ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn, lílé ni wọ́n ń lé e. Mo ní ó mà ṣe o, wọ́n ń lé ọmọ mi kiri! Mo bá pinnu pé owó ilé-ìwé parí, kí o máa bọ̀ nílé wá kọ́ ìṣirò owó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àbúrò mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo pe ìpàdé sí pálọ̀. Ìyá rẹ wà níbẹ̀, ìyá mi náà wà lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń ká aṣọ. Mo wọ jígí mi, mo ń ka àwọn kọ́ọ̀sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí i pé mo rò ó kí n tó fagi lé e. Mo ka èyí tó dá lórí iṣẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀, ìyá rẹ pàtẹ́wọ́, ó ní kí o mú un kíá, kí o sì bá òun béèrè ibi tí wọ́n ti ń lọ gba owó náà. Mo ní kó jọ̀wọ́ jẹ́ ká gbọ́ràn. Mo wá ka èyí tó kẹ́yìn, bí a ṣe ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn obìnrin àgbà. Ìyá mi dáwọ́ aṣọ dúró.

Wọ́n bi mí pé ta làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Mo ní àwọn àgbàlagbà bíi yín ni, Màmá. Wọ́n ní ṣé àwọn ọmọ náà sì ń jókòó gbọ́ ọ parí? Mo ní wọ́n tún ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi tí wọ́n ń ká lé itan. Wọ́n wá ní látìgbà tí àwọn ti dáyé, ohun táwọn èèyàn ń bi àwọn ò ju ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà àti pé ṣé ọmọ ti sùn. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan ti bi àwọn ni, àwọn ìbá ti sọ fún un pé àwọn làwọn kọ́ ilé tí a jókòó sí yìí.

Háà! Ṣebí o mọ̀ pé Ilé Awakọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bàbá mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá mi ní owó bàbá mi ni lóòótọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà jíjìn ni bàbá máa ń wà. Ìyá mi ló fi okùn àti èèkàn wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn náà ló dúró ti bíríkìlà nínú oòrùn, pẹ̀lú oyún mi nínú. Wọ́n ní bíríkìlà ti kọjú fèrèsé pálọ̀ sí ògiri aládùúgbò, àwọn ló ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo wo fèrèsé náà. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń yangàn fáwọn oníbàárà pé bàbá mi ló fún mi lójú tí mo fi ń wọn pákó, ṣé o rí ayé mi? Ọwọ́ ẹni tó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì mi ni mo ti gbà á, n ò sì bi wọ́n rí. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ìyẹ̀fun pákó ló kó sí mi lójú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni, n ò tíì fọwọ́ kan ayùn.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀! Wọ́n ní ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè làwọn máa sọ ìyókù fún.

Nítorí náà, má wá kọ́ ìṣirò owó kankan mọ́. Mú kọ́ọ̀sì ti ìyá àgbà yẹn, kí o sì mú un lónìí. Jọ̀wọ́, nínú owó iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra jígí fún wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ṣọ́ ìwé tí o bá ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn sí, kí o má baà fo nǹkan kan. Má fi owó náà sórí fóònù o. Ọ̀rẹ́ mi ní fóònù mi ti kún, owó ò ní ráyè jókòó níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lóye, ẹ̀yìn rẹ á dára ju iwájú lọ, ẹni tó ń kọ́ ọ kò ní sú ọ, ìwọ náà kò ní sú u.

Ohun kan ló kù. Lánàá mo lọ jókòó ti ìyá mi, mo fẹ́ bi wọ́n bí ara wọn ti rí nígbà yẹn, nínú oòrùn, pẹ̀lú oyún mi. Ẹnu mi wúwo, ni mo bá bi wọ́n bóyá òjò máa rọ̀. Wọ́n ní kò ní rọ̀. Bí olùkọ́ yín bá ti kọ́ yín bí ọmọ ṣe ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, jọ̀wọ́, fi ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi kí o tó kọ́ èkejì. Ìyá mi ti dàgbà, ọmọ mi. Èmi ni mo pẹ́ láti béèrè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.